Tàdáwà Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀fúùfù

"Wọ́n ní Bàbá Ṣóyẹmí wo àwòrán ẹ, wọ́n ní… Èmi ò sí níbẹ̀ o, Mùínátù tó ń gé bébà níbi ìtẹ̀wé ló… Ó ní Bàbá kàn mirí, ó ní ọwọ́ ẹ… Àá, jẹ́ n dákẹ́."

"Ràmọ́tà, parí ẹ̀," ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi.

"Ó ní ọwọ́ ẹ ò jọ tòun rárá."

Iṣu ewùrà tí mo ń rin bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá Ṣóyẹmí, tó ń gbé ní Ayépé báyìí, ló kọ́kọ́ ya Ẹ̀fúùfù, akọni tó ń fò nínú ìwé àwòrán tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún 1978. Ilé ni ìyá àgbà ti kọ́ mi níwèé, ìwé yẹn ló sì fi kọ́ mi. Ẹ̀fúùfù ti Bàbá sanra, ó wọ bùbá, ìlà ara rẹ̀ nípọn bí ẹni fi ìgbálẹ̀ yà á. Bó bá ń fò, ẹ ó rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá yín ló ń sáré lé mọ́tò. Nígbà tí Ògúnwálé gbà á yà lọ́dún 1995, Ẹ̀fúùfù bọ́ bùbá, àyà rẹ̀ wú, ó fi nǹkan bojú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ògúnwálé kú lọ́dún tó kọjá. Olóòtú ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Fáṣadé, wá ní kí n ya ojú ewé mẹ́rin wò. Bó bá dára, èmi ni n ó máa yà á lọ.

Tèmi tínrín. Ẹ̀rù máa ń hàn lójú rẹ̀ kó tó fò. Mo ya fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Fáṣadé lórí fóònù.

"Lọ bi Bàbá fúnra ẹ," ni Ràmọ́tà wí. "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Kó tún sọ ọ́ sí mi lójú? Mi ò lọ."

Ojú máa ń tì mí láti bá àgbà tí mi ò mọ̀ sọ̀rọ̀. Kàkà kí n bèèrè, inú ló bí mi. Mo fa ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya, mo fi dá iná èédú.

Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ pé kò dáa. Mo gbé ìwé Bàbá ti ọdún 1981 lé gíláàsì fèrèsé, mo fi bébà funfun bò ó, mo ń tọ ìlà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Bí ìlà kan bá yẹ̀ báyìí, mo pòṣé, mo pa á rẹ́, mo tún un tọ̀. Ọrùn ń ro mí, kò sì dùn mọ́ mi rárá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kó o lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Fáṣadé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Mofẹ́olúwa, kí lèyí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀fúùfù?"

"Ilà ni, sà."

"Ilà ìdílé ta ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Tàdáwà ni! Ẹ̀rọ wa ló ń jò lọ́dún yẹn, ó kán sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. O tọ Bàbá, o tún tọ àbàwọ́n ẹ̀rọ mọ́ ọn! Tìẹ dà?"

"Mo ti sun ún, sà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "O sun ún? Fọ́tò fóònù yẹn ò ṣeé tẹ̀, ó ṣú. Àárọ̀ ọ̀la la ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Ti oṣù yìí bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Àwòrán Ògúnwálé àtijọ́ la ó tún tẹ̀. Ṣé Mùínátù ò jíṣẹ́ tí mo rán an ni?"

"Ẹnu Ràmọ́tà ló gbà wá, sà. Ààbọ̀ ló dé."

Inú ń bí mi sí Ràmọ́tà, sí Mùínátù, sí ara mi jù lọ. Ayépé tí mi ò lọ, ṣé ó jìnnà ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, àgékù ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ bi ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ tó fi iṣẹ́ ọwọ́ yín dáná.

Mo gbé orí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni Bàbá sọ gan-an?"

Ọ̀gbẹ́ni Fáṣadé sọ ọ́ bí Bàbá ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀:

"'Ọwọ́ ọmọ yìí ò jọ tèmi rárá. Ìka ò dọ́gba. Ọwọ́ Ògúnwálé náà ò jọ tèmi, òun ló sì jẹ́ kí Ẹ̀fúùfù dàgbà. Èmi fún un ní ẹ̀rín, Ògúnwálé fún un ní agbára, ọmọ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún un ní ẹ̀rù, kí ìgboyà rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Fáṣadé, sọ fún un, kó má jẹ́ kó jọ tèmi láéláé.'"