Òwú Pupa Lára Gáúnù Búlúù

Fùláwà funfun báláú ló kún irun ojú ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó há gáúnù búlúù kan, gáúnù obìnrin, mọ́ abíyá bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Télọ̀ gbójú sókè lórí maṣíìnì, abẹ́rẹ́ sì gún un lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ ti jáwọ́ nínú gígún un tipẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìwọ̀n ìka kan péré. Ṣùgbọ́n kó má hàn rárá o. Kó dà bíi pé kò sọ́wọ́ tó kàn án."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ ṣáà bá mi ṣe é."

Ó lọ. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló ṣẹ́kù sínú ṣọ́ọ̀bù.

Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí. Kó tó wọn ìbàdí oníbàárà tán, ó ti mọ ohun tí ọkọ onítọ̀hún ṣe, ó ti dá ọkọ náà lẹ́bi, ó sì ti sọ ohun tó kàn láti ṣe. Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, oníbúrẹ́dì tún gbé gáúnù náà dé: kí ó tún dín in. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé òmíràn wá, aláwọ̀ ewé. Búrẹ́dì gbígbóná kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, "Àǹtí" ti di "ìwọ".

"Adájọ́, ẹjọ́ ta lo dá lónìí?"

"Tìẹ ló kù. Jókòó níbẹ̀, ọ̀daràn."

"Mo jẹ̀bi. Búrẹ́dì yìí ni kó o fi gba ìdúró mi."

Télọ̀ á rẹ́rìn-ín títí òwú á fi já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di pé bí ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ń wá bá ti pé, á kun pọ́dà.

Ṣùgbọ́n gáúnù yẹn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn, ó ní òun ti rí i: ìyàwó sísanra kan wà nílé, àlè tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níta, aṣọ ìyàwó ni wọ́n sì ń dín fún àlè. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé òun kì í ṣe èkíní, òun kì í ṣe èkejì.

"Má bínú," ó wí lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà tún gbé gáúnù búlúù wá, "mo fẹ́ gbà ẹ́ nímọ̀ràn. Sọ òótọ́ fún ẹni tó ni aṣọ yìí. Ohun tí ò ń ṣe ò dáa."

Oníbúrẹ́dì wolẹ̀. "Tó bá mọ̀, ó parí nìyẹn. Mi ò lè sọ ọ́."

"Ojo ni ẹ́!"

Ọkùnrin náà gbé gáúnù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde. Télọ̀ sì ní ẹ̀bi ló lé e jáde.

Nígbà tó lọ tán, télọ̀ yọ òwú búlúù kúrò, ó fi pupa rán ẹ̀gbẹ́ gáúnù náà. Ẹni tó bá wo ìta kò ní rí nǹkan kan. Inú ni ó wà, níbi tí obìnrin tó ni aṣọ á ti rí i.

Ọjọ́ kẹrin, oníbúrẹ́dì wọlé láìmú búrẹ́dì dání, gáúnù nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí inú gáúnù síta lórí tábìlì.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni. Kí ìyàwó ẹ lè mọ irú ẹni tó fẹ́."

"Ìyàwó wo? Aṣọ ìyá mi ni."

Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò lágbára ìbínú mọ́. Dókítà ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí kò bá rù sí i, ara ń yá nìyẹn. Ó ń rù. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń bá a fọṣọ, ọmọ ló sì ń gbé aṣọ lọ fún dídín. Ní àràárọ̀, ìyá á wọ gáúnù, á ní, "Ó ṣì bá mi mu," á sì jẹun.

"Ìjẹta ló rí òwú rẹ. Ó fi èékánná tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́, ìlà kan, ìlà kejì, ìlà kẹta. Ó wá wo apá ara rẹ̀. Kò tíì fẹnu kan oúnjẹ."



Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ lọ sílé wọn. Ìyá náà kọjú sí ògiri.

"Mà, èmi ni télọ̀ tó fi òwú pupa rán aṣọ yín."

"Ìwọ ni Adájọ́? O mà kéré o."

"Mo rò pé ọmọ yín níyàwó ni."

"Kí ló kàn ọ́ bó bá níyàwó?"

Télọ̀ fọwọ́ bojú. Ìyá yíjú padà, ó wò ó dáadáa. "Háà! Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ikọ́ lọ, ẹ̀rín náà lọ. "Má rò pé kò dùn mí. Àárọ̀ tí mo bá wọ gáúnù yẹn, àárọ̀ gidi ni. O ti gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ẹ foríjì mí, Mà."

"Màá rò ó. Mú téèpù rẹ. Wọ̀n mí bí mo ṣe rí."

Ó wọ̀n ọ́n. Téèpù yí ìbàdí náà ká, èyí tó ṣẹ́kù sì gùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sunkún, kò dá ọwọ́ dúró. Oníbúrẹ́dì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Àárọ̀ mẹ́sàn-án ni ìyá fi wọ gáúnù tuntun tí télọ̀ rán fún un. Ó dúró lára rẹ̀ rẹ́gí, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tó sọ pé ó bá òun mu. Ní ọjọ́ kẹwàá, kò jí.

Oṣù méjì kọjá kí oníbúrẹ́dì tó tún yọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀sán gangan ni. Ó jókòó.

"Mo gbìyànjú láti gbàgbé ẹ, kò ṣeé ṣe. Mo tún gbìyànjú kí inú má bí mi sí ẹ mọ́. Ìyẹn náà ò ṣeé ṣe."

Ìmọ̀ràn méje ti dé ẹnu télọ̀. Ó gbé wọn mì. "Kí lo wá fẹ́, olólùfẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ṣé o lè bá ìbínú mi gbé ilé kan náà?"

"Tó bá máa fún mi láyè lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti sìnkú. Kò tíì rín in dé ìdajì tó fi di ẹkún. Télọ̀ ò ní kó dákẹ́. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì padà wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìdáhùn ńkọ́?" ó bèèrè látinú ẹkún.

"Mo ti gbà tipẹ́. Sunkún ẹ tán ná."