Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Kúbúrá

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún mi ní okùn rẹ̀!"

Ara Kúbúrá kò balẹ̀ lọ́jà Òjé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ti ń wo iwájú ló ń wo ẹ̀yìn, kí ẹnì kan má baà lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Ayé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni, ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Orí ni Àtọ́kẹ́, ìyá Kúbúrá, fi ń ru èlùbọ́ láti oko dé Ọjà'ba, ọrùn sì ń dùn ún débi pé kò lè yíjú mọ́. Ni ọmọbìnrin yìí bá yọ́ mú aṣọ sányán tí bàbá rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀, ó fẹ́ fi gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Sàláúdéènì, tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá láti Ìlọrin, kò tètè jọ̀wọ́ okùn. "Kúbúrá, èyí kì í ṣe ewúrẹ́ o. Kì í fẹ́ dá gbé. Òun àti èkejì rẹ̀ yìí ni wọ́n jọ dàgbà. Ilẹ̀ tútù sì máa ń ba pátákò rẹ̀ jẹ́. Ṣé ẹ ní ibi gbígbẹ tí yóò máa sùn?"

"A ó rí i ṣe, Bàbá." Ó na aṣọ sányán náà sí i, ó gba okùn, ó yára lọ.

Nílé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, ẹ̀yìnkùlé tí omi ń dá rogún sí ló so ó sí. Àtọ́kẹ́ wo ẹran, ó wo ọmọ rẹ̀. "Aṣọ bàbá rẹ ńkọ́?" Kúbúrá yíjú sí okùn, ó ń so ó le sí i.

Ẹran náà kò yé ké. Gàfárù, aládùúgbò wọn, jáde tòun ti kẹ́tùlù àlùwàlá. "Kúbúrá, ẹran yìí ń wá ẹnì kan!" Kò jẹun dáadáa. Òjò ń rọ̀, inú ẹrọ̀fọ̀ ló ń dúró sí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, Kúbúrá rí i, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìyá òun mọ̀ pé òun kò ṣìṣe. Ó di àpò èlùbọ́ lé e, ó tún di òmíràn lé e.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Màpó, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró. Kúbúrá fà á, kò lọ. Ó já pàṣán. Ẹran náà gbé ẹsẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó wó lulẹ̀. Àpò ya, èlùbọ́ dà sínú àgbàrá. Kúbúrá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé pátákò náà wò: ó ti jẹrà, ó ń rùn. Pàṣán bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sáré wá; àwọn méjèèjì rọra fa ẹran náà padà sí Òjé. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ti rí èkejì rẹ̀, ó gbé ọrùn lé e lọ́rùn, igbe sì dá.

Láti ìgbà náà, orí ara rẹ̀ ni Kúbúrá fi ń ru èlùbọ́ ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Bó bá sọ ẹrù, yóò gba Òjé lọ fọ pátákò ẹran náà, yóò sì nù ún gbẹ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹran náà ti ń rìn geere.

"Máa mú un lọ," ni Sàláúdéènì wí.

Kúbúrá kò na ọwọ́ sí okùn. "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbí, Bàbá. A ò tíì parí ilé rẹ̀ tí òjò kò ní wọ̀. Màá máa bá yín ṣiṣẹ́ fi san owó èkejì rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè jọ wá. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé pátákò."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kúbúrá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹran, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹran náà kò lè ṣe aláìní.