Màsúdát, Ààbọ̀ Èrò

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Màsúdát àti Ìyá Àgbà máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Tanke lọ sí Ọjà Ọba.

Pọ̀ọ̀n! Pọ̀ọ̀n! Bọ́ọ̀sì dé.

Ìyá Àgbà jókòó. Màsúdát jókòó lórí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

Búọ̀dá Jímọ́ọ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka èrò. Ó ka Ìyá Àgbà. Ó ka bàbá oníkùn ńlá tó jókòó tì wọ́n.

Ó fo Màsúdát.

Ó dun Màsúdát wọra. Ó ti ń dá wẹ̀. Ó ti mọ Fátíhà sórí. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kà?

"Búọ̀dá Jímọ́ọ̀, ẹ ò kà mí."

"Ọmọ orí ẹsẹ̀ kì í sanwó," ni Jímọ́ọ̀ wí. "Ẹni tí kò bá sanwó, n kì í kà á."

Ìyá Àgbà ní kí Jímọ́ọ̀ má dá Màsúdát lóhùn, ọmọ ọwọ́ ni.

Ọmọ ọwọ́ kẹ̀? Ọmọ ọwọ́ tó ga tó báyìí?

Gbàgà! Bọ́ọ̀sì kó sí kòtò. Orí Màsúdát kan òrùlé. Orúnkún rẹ̀ gún bàbá níkùn.

"Wàláhì," ni bàbá wí, "ọmọ ọwọ́ yìí lẹ́sẹ̀."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ń wo ìta bí ẹni tí kò gbọ́.

Jímọ́ọ̀ wá ṣàlàyé. Àwọn àgbà gáréèjì ló jọ jókòó pinnu iye owó ọkọ̀. Àgbà á san náírà kan. Ọmọ tó bá gba àga á san àádọ́ta kọ́bọ̀, ìyẹn ààbọ̀. Ọmọ orí ẹsẹ̀ ò ní san nǹkan kan.

"Bí gbogbo ọmọ bá ń san odidi," ni ó wí, "ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta á fẹsẹ̀ rìn dé ọjà."

Màsúdát ronú. Ó tú etí ìborùn rẹ̀. Owó ọdún rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó mú àádọ́ta kọ́bọ̀ jáde, ó fún Jímọ́ọ̀.

Ṣùgbọ́n àyè dà? Èyí tó kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Bàbá fa ikùn mọ́ra. Hùùù! Àyè yọ díẹ̀.

Màsúdát sún. Apá kan ìdí rẹ̀ wà lórí àga. Apá kejì wà lórí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

"Ààbọ̀ owó, ààbọ̀ àga," ni Jímọ́ọ̀ wí.

Ìyá Àgbà ń kùn pé ẹsẹ̀ òun ṣáà wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Jímọ́ọ̀ tún èrò kà. Mọ́kànlá. Méjìlá. Mẹ́tàlá. Ó nawọ́ sí Màsúdát.

"Mẹ́tàlá àti ààbọ̀."

Inú Màsúdát dùn dé ibùdókọ̀ Challenge, ó dùn dé Ọjà Ọba. Wọ́n ti kà á.