Ohun Tó Dà Bí Ọ̀rá

"Wo ọ̀rá píọ̀wọ́tà! Wọ́n da ìdọ̀tí kún àdúgbò wa ní Ìgàndò tán, wọ́n tún gbé e wá sínú òkun."

Fọláṣadé bú sẹ́rìn-ín. "Mardiyah, a ti jáde níléèwé o! Ta ló tún fi ọ́ jẹ olórí ìmọ́tótó òkun?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n parí ìdánwò àṣekágbá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi bírò kọ orúkọ kún yunifọ́ọ̀mù wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyá Mardiyah ti kìlọ̀ pé ilé tààrà ni kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n Fọláṣadé rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà láti bá a wá sí etí òkun. "A ó ti délé kí màámi ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù," ló wí.

Mardiyah wọ inú omi, ó sì na ọwọ́ mú ohun náà.

Kì í ṣe ọ̀rá. Ẹran omi olóró ni, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tí ó ní okùn gígùn tín-ín-tín bí òwú. Okùn náà lọ́ mọ́ ọn lápá.

Igbe tó ké kò jọ ti ènìyàn. Nígbà tí Fọláṣadé fi máa fà á jáde, apá náà ti lé ilà pupa bí ẹni tí wọ́n fi ẹgba nà.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ sáré dé. "Kí ló ta á? Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ dà?"

"Pe Màámi," Mardiyah ń kérora.

Bí wọ́n bá pe ìyá, àṣírí tú nìyẹn. Fọláṣadé yára fi híjáàbù bo apá náà.

"Igi ló gún un lẹ́sẹ̀, sà. Ó kàn fẹ́ràn ariwo ni, jàre."

Ọkùnrin náà mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣadé, mi ò lè mí dáadáa…"

"Ní sùúrù. Tá a bá dé Ìkòtún, a ó ra oògùn."

Mardiyah ò dáhùn mọ́. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ìgbà yẹn ni Fọláṣadé tó figbe ta, tó jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí ìyá Mardiyah dé, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó di ọwọ́ Fọláṣadé mú.

"Ọmọ mi, ṣé ó dárúkọ mi?"

"Ó ní kí n pè yín, mà."

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"



Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ìyá tó bínú lónìí lè yọ́nú lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ pa kò ní ọ̀la kankan.