Fóònù Ìyá Mi Kò Gba Orúkọ Mìíràn

Bátìrì fóònù náà wà lórí tábìlì atúnfóònùṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀. Síbẹ̀ fóònù ń tanná nínú àpótí onígíláàsì.

Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Igun rẹ̀ kan sán bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ìyá mi sì ti fi kiutẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kú sí ọsibítù, a kò tíì pa ojú rẹ̀ dé tí aláìnítìjú kan fi jí fóònù náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Orin tí ìyá mi ń kọ fún ọmọ mi wà nínú rẹ̀, ó gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohùn yẹn ni mo ń wá kiri.

"Ọ̀gá, fóònù ìyá mi nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ mọ́ ju ìwà rẹ̀ lọ. "Àǹtí, fóònù máa ń jọra. Ẹ̀rí dà?"

Mo gbé páálí fóònù náà, tí mo ń mú kiri, ka iwájú rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń ju páálí fóònù nù, àmọ́ ìyá mi kì í jù ú. Ó ní nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà lára rẹ̀ ni orúkọ àbísọ fóònù, pé ẹni tó bá ń fi í han àjèjì ti gbé ọmọ fún gbọ́mọgbọ́mọ.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Ó mú fóònù náà kúrò nínú àpótí, ó tẹ àwọn àmì tó ń mú nọ́ńbà yẹn jáde. Ti ara páálí ló yọ.

"Mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀mẹta," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ń padà ni."

Ẹ gbọ́ olè tó ń ráhùn pé ẹrù tóun jí ò gbọ́ràn sóun lẹ́nu.

Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ síta. Fóònù mọ́kànlá ló ń tanná níbẹ̀, nọ́ńbà ara páálí ìyá mi ló wà lójú gbogbo wọn. Ó yọ tirẹ̀ lápò, bákan náà ni.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, pásíwọ́ọ̀dù wo ni màmá ń lò? Kò sí èyí tó ṣí mọ́."

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ bi í níbi tó wà."

Mo bú u débi tí àwọn tó ń kọjá fi dúró. Ó ń dọ̀bálẹ̀, mo ń bú u lọ. Ta ló ń fọwọ́ kan ohun òkú?

Mo gbé fóònù àti páálí, mo jáde sójú títì, mo fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé àtàǹpàkò lé fóònù tèmi.

*A kò mọ ìka yìí.*

Mo nù ún mọ́ aṣọ, mo tún gbé e lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níkọ̀ọ̀kan.

Ó ku ohun tí n kò tíì sọ fún yín. Kí olè tó dé, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ọwọ́ náà ti tutù. Mo fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣí. Kì í ṣe tìtorí orin. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ nípa mi ni.

Orin ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù tèmi, jẹ́jẹ́, ó sì dá dúró láàárín.

"Ọmọ mi," ìyá mi wí, "ọwọ́ rẹ mà tutù o."