Píìsì Mẹ́fà Láti Jọ́ọ̀sì

Irọ́ tí mo pa fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ló gbé mi dé ìdí àtẹ Jàfárù.

Ọdún 1989 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Hóòmù Ìkonómíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìpájà. Ìlú Òyìnbó ni ìwé tí à ń lò ti wá. Ní ojú ewé kọkànlélógójì, wọ́n kọ bí a ṣe ń ṣe fúrúùtù sàláàdì ìgbà ooru, píìsì sì ni èso tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọ́ wọn ní píìsì. N kò fojú kàn án rí.

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Mojísọ́lá nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, báwo ló ṣe ń dùn lẹ́nu?"

"Ó dùn bí oyin."

"Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ rí, Mà?"

"Jókòó síbẹ̀ jàre."

Ó jókòó, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Nígbà tá a jáde lọ́sàn-án, mo yà sí ìsọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń to ìbẹ́pẹ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní píìsì?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí?"

Mo ka ohun tó wà nínú ìwé fún un. Ó rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n mọ́ ìyeyè, kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní irun wínníwínní lára.

Ó wò mí títí. "Èso tó nírun lára? Àǹtí, ṣé kì í ṣe ọmọ ológbò ni wọ́n fẹ́ tà fún yín?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé báàgì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà yẹn, èmi nìkan ni mo sì ń gbé nínú yàrá kan ní Ègbẹ́dá. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì, bí kì í bá ṣe orin tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọjọ́ Ajé kí n tó gbọ́ ohùn ara mi. Ìrẹsì ife kan ni mo máa ń sè, ọjọ́ méjì ni mo fi ń jẹ ẹ́. Ìdánìkanwà ń jẹ mí lára, n kò ní purọ́.

Jàfárù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́ tí kò fi tíì níyàwó, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá èso kan sílẹ̀ dè mí. Ó gbé àgbálùmọ̀ wá.

"Tíṣà, ṣé òun nìyí?"

"Òun kọ́. Níbo ni irun ẹ̀ wà?"

Ó gbé gúróbà wá. Ó gbé máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ó ní, "Èyí ní irun, àmọ́ inú ló fi pamọ́ sí." A jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a ń fa okùn máńgòrò yọ láàárín eyín. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ọ̀nà ilé lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

"Tíṣà mi," ó wí lọ́jọ́ kan, "ọjọ́ tá a bá rí píìsì yìí, a jọ máa gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa mọ bó ṣe dùn ṣáájú ẹnì kejì."

"Mo gbà."

"Búra."

"Ìwọ náà kọ́kọ́ wá a rí ná."

Nígbà tó di oṣù karùn-ún tá a ti mọra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Mo bi í léèrè.

"Bàbá mi ló ránṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn kan wà nílé, Ìdíátù, pé àwọn ti bá mi tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya. Wùnmí, ṣé kí n sọ fún wọn pé mo ti rí tèmi, àbí kí n dákẹ́?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ìmàle ni, alátẹ sì ni. Màmá mi, ní Iléṣà, àwọn ni ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa.

"Màmá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀," mo ní. "Màá mú wọn wá síbí. Màá ní, 'Màmá, Jàfárù rèé.'"

"Bẹ́ẹ̀ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ nìkan."

"Ìyẹn tó mi," ó ní. "Bí o bá ti pe orúkọ mi níwájú wọn, màá lọ bá bàbá mi. Ìyókù dọwọ́ Ọlọ́run."

Màmá dé. Wọn ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ́wùnmí, mi ò lè yan ọkọ fún ẹ mọ́. Ẹni yòówù tó o bá mú wá, màá gbà á. Kó ṣá ti jẹ́ ọmọ ìjọ, kó sì níṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́."

Mo gba báàgì lọ́wọ́ wọn, mo gbé e wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, a gba iwájú ìsọ̀ Jàfárù. Ó ti rí wa lókèèrè. Ó dé fìlà tuntun. Ó ti nu bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ. Ó dìde dúró, ó ń wo ẹnu mi.

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Oníbẹ́pẹ, ẹ bá wa mú èyí tó pọ́n."

Bí èèyàn ṣe ń pe ẹni tí kò mọ̀ rí nìyẹn. Bí mo ṣe pe olólùfẹ́ mi nìyẹn.

Jàfárù wò mí. Lẹ́yìn náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn." Ó ṣa ìbẹ́pẹ tó dára jù lórí àtẹ, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Kò tún wo ojú mi mọ́.

Lójú ọ̀nà, Màmá ní, "Ọkùnrin yẹn mọ èèyàn kí. Ilé ire ló ti wá. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

Ìgbà kejì tí mo sẹ́ ẹ nìyẹn láàárọ̀ kan ṣoṣo.

Màmá padà sílé lọ́jọ́ Ajé. Ojú tì mí débi pé n kò lè gba ọ̀nà yẹn mọ́. Àdúgbò ẹ̀yìn ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́, nínú ẹrọ̀fọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń sọ pé ọ̀la ni màá lọ bẹ̀ ẹ́. Yàrá mi wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo ti mọ ohùn tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, wọ́n pè mí sí géètì. Awakọ̀ ọkọ̀ tòmátì kan ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú páálí kékeré.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Jàfárù? Ṣàfíù lorúkọ mi. Jọ́ọ̀sì ni mo ti ń bọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá, tí àwa méjèèjì jọ ń kọ́ni, dúró nítòsí, ó na etí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Èmi ni."

"Oṣù mẹ́ta ló ti fi ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá èso yìí. Ó ní kí n má wulẹ̀ gbé e sọ́dọ̀ òun kó má baà rọ̀, pé ìyàwó òun tó jẹ́ tíṣà ni kí n gbé e fún tààrà. Ọgbà òyìnbó kan ni mo ti tọrọ ẹ̀."

Píìsì mẹ́fà ló wà nínú koríko gbígbẹ. Mo fọwọ́ pa ọ̀kan. Irun wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Mo sunkún níbẹ̀, n kò bìkítà fún Ọdẹ́tọ́lá.

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo lọ sílé. Mo gé ìbẹ́pẹ, mo gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e kó má baà dúdú. Mo wá bó píìsì, mo yọ kóró rẹ̀, mo gé e sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé ṣe wí, mo fún omi ọsàn sórí gbogbo rẹ̀. Omi píìsì ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. N kò lá a. Mo fi aṣọ nù ún kúrò.

Mo bo abọ́ náà, mo mú ṣíbí méjì, mo gba ojú ọ̀nà gangan. Mo ti pinnu. Bí Màmá bá bínú, kí wọ́n bínú. Láti òdìkejì títì ni mo ti pè é, kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Jàfárù! Jàfárù mi!"

Àwọn èèyàn yíjú. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn àtẹ.

"Jàfárù ti relé láti ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí. Wọ́n ti so yìgì òun àti Ìdíátù lọ́jọ́ Àìkú. Èmi Àdíját ló fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún." Ó wò mí dáadáa. "Àbí ẹ̀yin ni tíṣà? Ó ní ẹ lè wá ra ìbẹ́pẹ. Ó ní kí n máa ṣa èyí tó dáa fún yín."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, mo gbé abọ́ náà fún un.

Ó ṣí i, ó bù ú jẹ. "Kí leléyìí? Ẹ̀yin ò ní tọ́ ọ wò ni?"

"Rárá. Èmi àti ẹnì kan jọ ní àdéhùn."

Mo rìn lọ sílé. Ṣíbí kan ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó di ọdún kejì, a tún dé ojú ewé kọkànlélógójì. Ọmọ mìíràn nawọ́, ìbéèrè kan náà ló bi mí.

Mo sọ fún un pé mo ti bó píìsì rí, mo ti gé e, mo mọ òórùn rẹ̀, mo sì mọ bí irun ara rẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́.

"Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe ń dùn, Mà?"

"Mi ò mọ̀," mo ní.