Ọ̀nà Tí Òkú Gbà Kọjá

Ọmọge kan dúró lẹ́nu géètì nínú òjò. Bàtà bàbá rẹ̀ ló wọ̀, ó sì di àmúga gígùn tí wọ́n fi ń kó koríko mú. Ohun tí Reuben Peacock rí nìyẹn nígbà tó gbójú sókè lábẹ́ pósí ìyá àgbà rẹ̀. Òun àti ọkùnrin mẹ́ta ló gbé pósí náà léjìká, ẹrẹ̀ sì ti dé orúnkún wọn.

"Ẹ dúró níbẹ̀," ni ọmọge náà wí. "Òkú kankan ò ní gba ilẹ̀ yìí kọjá."

"Alààyè ńkọ́?" ni Reuben dá a lóhùn. "Àwa mẹ́rin ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọge náà, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Dinah lorúkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Jonas Alderson bí. Ní òkè Yorkshire tiwa yìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé ìgbà tí Ọbabìnrin Fitóríà ṣì wà lórí ìtẹ́, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá gbé òkú gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti di ọ̀nà gbogbo ayé nìyẹn. Ta ló ṣòfin náà? Ẹnìkan ò mọ̀. Bàbá sọ fún ọmọ, ọmọ gbà á gbọ́, ó tán. Pápá Alderson ló sì wà láàárín Harkside, abúlé wa, àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni fún ẹni tó bá gba inú rẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ sì ni fún ẹni tó bá gba títì. Jonas ò gbà fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ dídùn dá a dùbúlẹ̀, ló bá rán ọmọ rẹ̀ sẹ́nu géètì.

"Odò ti gbé afárá ojú títì lọ," ni Reuben wí. "A ti débẹ̀ ká tó ṣẹ́rí padà. Ìyá yìí ló tọ́ mi dàgbà. Ọdún méje ni mo fi kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Lancaster, mi ò sí nílé nígbà tó kú. Pósí yìí niṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n gbé e padà."

Dinah wo pósí náà. Wọ́n fá igi rẹ̀ dán bíi tábìlì olówó. Àánú ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ da bàbá rẹ̀.

"Ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ lè san?" ló béèrè. "Bàbá mi àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá ti san nǹkan lẹ́nu géètì, àyè ló gbà. Kò lè pe ọ̀nà náà ní tirẹ̀ mọ́."

Aṣọ ọ̀fọ̀ tí wọ́n yá ló wà lọ́rùn wọn, kò sí kọ́bọ̀ nínú àpò ẹnì kankan. Reuben fọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣófo wá ara rẹ̀ títí, ó yọ píìnì tí wọ́n fi de aṣọ dúdú mọ́ ọn lápá.

"Èyí ńkọ́?"

"Ó tó." Dinah gbà á, ó gún un mọ́ igi géètì, ó sì ṣí ọ̀nà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn fi yọ̀ ṣubú. Dinah ju àmúga sílẹ̀, ó ki èjìká bọ abẹ́ pósí.

"Ìyá àgbà yín mà wúwo o," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wàràkàṣì ilé yín ló ń rà jẹ. Ẹ dá ara yín lẹ́bi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ìyá náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Obadiah Raw alápatà ti ń da àgùntàn gba inú pápá. "Òkú ti kọjá!" ló ń ké. "Ọ̀nà ti là!" Píìnì ti kúrò lára géètì, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó yọ ọ́. Àwọn mẹ́ta tó bá Reuben gbé pósí ní ẹrẹ̀ làwọn ń wò, àwọn ò rí píìnì kankan. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo abúlé ló fẹ́ ọ̀nà àbùjá yẹn.

"O ti torí ọmọ káfíńtà fi ilẹ̀ baba mi tọrẹ," ni Jonas sọ fún Dinah, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Wọ́n pe ìpàdé sí ilé ẹ̀kọ́. Obadiah fọwọ́ lé Reuben léjìká bíi bàbá rẹ̀. "Ọmọ wa, sọ fún wọn. Ǹjẹ́ o san nǹkan kan?"

Reuben wo ojú àwọn ará Harkside. Àwọn wọ̀nyí náà ló máa fún un níṣẹ́ tàbí kí wọ́n má fún un. Ó rí Dinah lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Mo san píìnì kan," ló wí. "Ọwọ́ mi ló ti gbà á. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀nà ti là, irọ́ ló ń pa."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé àga tó ṣẹ́ wá fún Reuben ní Harkside. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó lásán kí Dinah tó gbé àpótí tó ń jókòó lé fún wàrà màlúù wọlé.

"Ẹsẹ̀ àpótí yìí ti ṣẹ́," ló wí.

Reuben yí i wò. "Àáké ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ."

"Mo ní ó ṣẹ́. Mi ò ní ó ṣèèṣì ṣẹ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ìfẹ́ ti kó sí wọn lára. Kò sì pẹ́ tí gbogbo àpótí ilé Alderson fi ṣẹ́ tán.

Nígbà tí Reuben lọ tọrọ Dinah lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Jonas ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní Richmond. Lọ́yà yẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ó ní ìtàn àwọn ìyá arúgbó ni. Òkú kì í la ọ̀nà, píìnì kì í sì í dí i. Ohun tó ń sọ pápá di ọ̀nà ni kí àwọn èèyàn máa gbà á lọ gbà á bọ̀ láìtọrọ, kí onílẹ̀ sì dákẹ́ títí tí yóò fi pé bí ogún ọdún.

"O ti gba ilẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹfà wá wo ọmọ mi," ni Jonas wí, "o ò tọrọ rí. Mi ò ní fún olè ọ̀nà lọ́mọ."

"Bàbá!" ni Dinah ké.

"Tí mo bá ń tọrọ ńkọ́, sà?" ni Reuben béèrè.

"Máa tọrọ ná, ká gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Reuben bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń dúró lẹ́nu géètì, táá pariwo kí bàbá lè gbọ́ lójú fèrèsé: "Bàbá Alderson, ẹ jẹ́ kí n kọjá!" Nígbà mìíràn, bàbá á ní, "Kọjá!" Nígbà mìíràn, "Rárá! Gba títì!" Reuben á sì gba títì, tí wọ́n ti tún afárá rẹ̀ ṣe, fún wákàtí kan àbọ̀ kó tó dé ẹ̀yìn ilé náà, á jẹ búrẹ́dì ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dinah, á tún padà. Àwọn ará abúlé sọ ọ́ lórúkọ: Alágbe Ọ̀nà.

"Jẹ́ ká sá lọ sí Scotland," ni Dinah wí lọ́jọ́ kan, omijé wà lójú rẹ̀. "Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ló ń so tọkọtaya pọ̀ níbẹ̀, kì í bi bàbá ẹnì kankan."

"Olólùfẹ́ mi, tá a bá sá lọ, ta ló máa fi òróró pa ẹsẹ̀ bàbá ẹ? Wàá máa ronú ẹ̀ lórí ibùsùn mi. Mi ò fẹ́ ààbọ̀ rẹ, odindi ni mo fẹ́."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń roni lára. Ọdún kan lọ, oṣù mẹ́ta sì lé.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí yìnyín bo ilẹ̀, Reuben dé ẹnu géètì, ó bá Jonas fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá. Dinah ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé.

"Bàbá Alderson, ẹ jẹ́ kí n..."

"Panu mọ́! Ó ti sú mi." Dinah sáré jáde sínú yìnyín. "Má tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ mi mọ́."

Reuben dúró. "Bàbá, ẹ rántí ohun tí lọ́yà wí. Tí mi ò bá tọrọ..."

"Mo rántí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé." Bàbá náà fi ọ̀pá ti géètì ṣí. "Ta ló ń tọrọ ọ̀nà kó tó wọ ilé ara rẹ̀?"

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, Jonas ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú Dinah gba inú pápá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun àti Reuben, ó ń tiro lọ. Gbogbo Harkside tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Obadiah Raw, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n tọrọ.